Ṣọ́ọ̀kì Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n mo ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò rí ní Texas. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, owó ò sí, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ gbé Miata 1992 wọn lọ sí autocross. Mọ́tò kan lẹ́ẹ̀kan ló ń sáré yí kóònù ká níbi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo; téèyàn bá wó kóònù kan, sẹ́kọ́ńdì 2 ni wọ́n á fi kún un.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gé sípíríǹgì rẹ̀ kó lè wálẹ̀."

Wọ́n ní, "Ṣé kí mọ́tò náà tún bọ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Rọ́bà bọ́ọ̀ṣì la kọ́kọ́ pààrọ̀, torí bí ìyẹn bá ti jẹ, àláímẹ́ǹtì ò ní dúró. A wá ra ṣọ́ọ̀kì àlòkù mẹ́rin, a ṣe àláímẹ́ǹtì, a wọn afẹ́fẹ́ táyà. Ó tán.

A ò gba ipò kankan o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò yẹn yí kọ́nà tó kẹ́yìn láì wó kóònù kankan, ẹ̀gbọ́n mi pariwo ayọ̀ bí ọmọdé. Àtìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́, n ò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn.