Páìpù Kọ́ La Fi Ń Dè Nọ́ọ̀tì Ọ́ìlì

Ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà tẹ́ ẹ ra ọ̀kadà fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó máa fi ṣiṣẹ́, kó máa dá owó fún yín lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé wá lónìí o. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni, èyí tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń tú kí ọ́ìlì dúdú lè jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gun ọ̀kadà ìyá oníṣu kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, mẹkáníìkì ki páìpù bọ ọrùn sípánà, ó gbé gbogbo ara lé e. Ó ní kó má baà jò ni. Nígbà tí wọ́n tún máa tú u, nọ́ọ̀tì ń yí lásán. Mẹkáníìkì yìí kan náà bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, nọ́ọ̀tì já sójú títì, ọ́ìlì dà nù, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Ìyá oníṣu ní ṣe ló fi owó ọ́ìlì jẹun! Díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ dé tẹ̀sàn ọlọ́pàá. Oṣù méjì gbáko lẹ̀gbọ́n mi fi jókòó sílé, ìyàwó rẹ̀ sì lóyún nígbà yẹn. Mẹkáníìkì ní òun ò mọ ohun tá à ń sọ.

Irin ni nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni ìdí ẹ́ńjìnnì tó ń wọ̀, ẹbí ìkòkò ọbẹ̀ yín ni. Tí àwọn méjèèjì bá ja ìjàkadì, ẹ mọ ẹni tó máa ṣubú. Agbára ọwọ́ kọ́ ló sì ń dí ọ́ìlì, wásà pẹlẹbẹ tó wà lọ́rùn nọ́ọ̀tì ni. Ẹ máa ra tuntun. Ọwọ́ lásán ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi yí nọ́ọ̀tì wọlé títí á fi jókòó, kí sípánà tó fún un díẹ̀. Sípánà kan tiẹ̀ wà tó ń wọn agbára, ìwé ọ̀kadà ló ń sọ iye tó fẹ́.

Nọ́ọ̀tì mìíràn wà tó ní òòfà lẹ́nu, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì. Èmi fẹ́ràn èyí gan-an, torí ó ń sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, ọ́ìlì kan náà ló ń sin ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì, gbogbo ohun tí irin bá ha síbẹ̀ ni òòfà ń mú. Tẹ́ ẹ bá rí ẹrẹ̀ dúdú tó kúnná bí àtíkè, ẹ nù ún kúrò, kò sí wàhálà. Àmọ́ tó bá jẹ́ ègé irin tó ń gún ọwọ́, eyín jíà tàbí bẹ́ríìnì ti ń já nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó jáde lọ síṣẹ́. Òòfà kì í mú bàbà tàbí alumíníọ̀mù o, nítorí náà ẹ wo inú ọ́ìlì pàápàá.

Àwọn alùpùpù ńlá bíi BMW, tó ti ń fi ọ̀pá irin yí táyà ẹ̀yìn dípò ṣéènì láti 1923, ní ilé jíà lẹ́yìn tó ní ọ́ìlì tirẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n máa ń kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì òkè tí wọ́n ń gba ibẹ̀ da ọ́ìlì sí. Tí tìsàlẹ̀ bá ṣí, tí tòkè wá kọ̀, ibo ni wọ́n fẹ́ gbà rọ òmíràn?

Tí tírẹ́ẹ̀dì bá ti jẹ, ẹ má gba gọ́ọ̀mù. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin lè mú ihò náà fẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fi irin tuntun bọ inú rẹ̀.