Òdo Kì Í Ṣe Òfo

Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń fi ìṣirò owó jẹun. Lójú mi, òdo ni òpin iṣẹ́: bí owó tó wọlé àti èyí tó jáde bá ti dọ́gba, mo pa ìwé dé, ó di ilé.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì wá sọ fún mi lórí tẹlifóònù pé òun fẹ́ fi odidi ọdún kan kọ́ nípa òdo, inú bí mi. Mo ní, “Ṣé orí òfo ni mo ń náwó lé?” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀.

Nígbà tó wálé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì gbé pépà kalẹ̀. “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú akáúńtáǹtì wò ó.”

Ó ní Legendre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kó ẹbí ìṣirò kan jọ ní nǹkan bí ọdún 1782. Polynomial ni wọ́n: x, x², x³ àti nọ́ńbà lásán la fi hun wọ́n. Bí a bá fi ọ̀kan sọ òmíràn di púpọ̀, tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti -1 dé 1, òdo la ó bá. Nọ́ńbà 1 fúnra rẹ̀ sì ni olórí ẹbí, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù gbọ́dọ̀ dọ́gba. Èyí yé mi. Bí apá kan ìlà bá wà lókè, apá kan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Dandan ni kó la òdo kọjá láàárín ààlà méjèèjì. Èyí tó dé x² ń là á kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ní -0.577 àti 0.577. Èyí tó dé x³ ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ní -0.775, 0 àti 0.775. Láàárín òdo méjì ti àbúrò tó múlé gbe ara wọn, òdo kan ṣoṣo ti ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú rẹ̀ ló máa ń wà. Wọn kì í tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀.

Mo ní, “Kí ló wúlò fún?”

Ó ní kí n wá àyè tó wà lábẹ́ ìlà x² láti -1 dé 1. Èsì tó tọ́ ni 2/3. Mo wo òpin méjèèjì, mo rò wọ́n pọ̀: 1 àti 1, ó di 2. Mo ti fi ìlọ́po mẹ́ta ṣì í. Ó ní kí n wo ibi òdo méjì ti 0.577 dípò rẹ̀: 1/3 àti 1/3, ó di 2/3 géérégé! Gauss, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló fi ọ̀nà yìí hàn ní 1814.

Mo dákẹ́. Nínú iṣẹ́ tèmi, a kì í lè yẹ gbogbo rìsíìtì wò. Ibi tí a bá wò ló ń pinnu bóyá a ó rí òtítọ́. Òpin méjèèjì nìkan ni mo sì ti ń wò lára ọmọ mi: ọjọ́ tó wọ yunifásítì, àti ọjọ́ tí yóò ríṣẹ́ olówó ńlá. N kò wo àárín. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí a tó sọ pé òfo ni ohun tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ nílẹ̀ àjèjì yìí, ẹ jẹ́ kí a jókòó tì wọ́n, kí a mú pẹ́ńsù lọ́wọ́.