Ilé Tí Ó Kù Nínú Fọ́tò

Lóṣù yìí a fẹ́ mú yín rìn díẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Kì í ṣe ìrìn ìgbafẹ́ o. Fọ́tò àtijọ́ mẹ́ta ni ó gbé wa dé ibẹ̀, àṣìṣe àwa fúnra wa ni ó sì fà á.

Màmá wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Agolo bisikíìtì kan wà lábẹ́ ibùsùn wọn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó fọ́tò sí láti ìgbà tí a ti gbọ́njú. Nígbà tí a fẹ́ ṣe ìsìn ìrántí bàbá wọn, àwa ọmọ ní kí a tẹ fọ́tò bàbá àgbà sí iwájú ìwé ètò ìsìn. A mú èyí tí ó dára jù lọ nínú agolo náà. Bàbá wọ agbádá, wọ́n di kẹ̀kẹ́ mú. Obìnrin kan tí ó pọn ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọmọdébìnrin kan sì di ìró obìnrin náà mú. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan ní ẹ̀yìn fọ́tò náà. Ṣùgbọ́n inú àpòòwé kan náà ni òun àti fọ́tò Marina kan wà, ni ọ̀kan nínú wa bá mú báírò, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Bàbá ní Marina, 1960." Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe tẹ̀ ẹ́, igba ẹ̀dà.

Nígbà tí Màmá rí ìwé náà, wọn kò sọ̀rọ̀ títí ìsìn fi parí. Nígbà tí a dé ilé, wọ́n ní: "Bàbá mi kò ní ilé ní Marina rí. Iwájú ilé wa ni wọ́n dúró sí yìí. Tí ó bá sì di 1960, ilé wo ni ó kù tí wọn ìbá dúró níwájú rẹ̀?"

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a tọrọ àforíjì. Màmá ní àforíjì kọ́ ni àwọn ń wá. Wọ́n ní: "Ẹ mú mi dé ibẹ̀ kí ojú tó kọ̀ mí. Bí mo bá lọ tán, ta ni yóò sọ fún yín?"

BÍ FỌ́TÒ ṢE Ń SỌ̀RỌ̀

Kí a tó gbéra, a ránṣẹ́ pe àbúrò Màmá, ẹni tí a ń pè ní Bàbá Agége. A tẹ́ àwọn fọ́tò náà sórí tábìlì, a mú dígí tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, a sì bẹ̀rẹ̀ sí wò wọ́n bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí nínú fọ́tò ilé ni ọkọ̀ kan tí ń bọ̀ lẹ́yìn bàbá àgbà. Ọwọ́ òsì ni ó ń gbà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì, tí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, fọ́tò yìí ti wà ṣáájú ọjọ́ náà. Ohun kejì ni pátákó ọlọ́jà kan. A rí 1/6 lára rẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ṣílè kan àti sísì. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì tún fi ìdí ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́ múlẹ̀.

Ohun kẹta ni ó yà wá lẹ́nu jù. Lára ògiri, lókè orí bàbá àgbà, a rí lẹ́tà mélòó kan: VICTO. Ọmọ wa kan ní Victoria Island ni. Bàbá Agége rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Victoria Street ni. Òun náà ni ẹ ń pè ní Nnamdi Azikiwe Street lónìí." Ìgbà náà ni ó yé wa pé bí ìlú bá pa orúkọ òpópónà dà, ẹni tí kò mọ orúkọ àtijọ́ lè dúró sójú ibi tí ó ń wá kí ó máa bèèrè ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ọdún wo gan-an? Màmá ni ó yanjú èyí. Wọ́n fi ìka kan ọmọ tí ó wà lẹ́yìn obìnrin inú fọ́tò náà, wọ́n wo ojú àbúrò wọn, wọ́n ní: "Ìwọ nìyí." Gbogbo wa dákẹ́. Bàbá Agége gba dígí, wọ́n wo ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Ìwé ìsàmì wọn sọ pé 1951 ni wọ́n bí wọn. Ọmọ inú fọ́tò náà kò tíì tó ọmọ ọdún kan. Ọmọdébìnrin tí ó di ìró mú ni Màmá fúnra wọn. Nítorí náà, 1951 tàbí 1952 ni wọ́n ya fọ́tò tí àwa kọ 1960 sí. Òwe àwọn àgbà ṣẹ: bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

MARINA TÍ OMI WÀ LẸ́SẸ̀ RẸ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, a wọ ọkọ̀ láti Ṣùúrùlérè, a sọ̀ ní CMS. A mú fọ́tò Marina dání. Nínú rẹ̀, igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọ̀sà sì wà lẹ́yìn igi, ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ lè sọ òkúta sínú omi. A wo iwájú, a wo ẹ̀yìn, a kò rí omi níbi tí fọ́tò fi í sí. Ọ̀nà ńlá ni a rí, pẹ̀lú afárá àti ariwo mọ́tò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ní àwọn ọdún 1970, wọ́n da iyanrìn sí etí ọ̀sà, wọ́n sì la Outer Marina sórí rẹ̀. Omi kò gbé o, ènìyàn ni ó tì í sẹ́yìn.

Báwo wá ni a ṣe mọ ibi tí ayàwòrán náà dúró sí? Ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì Cathedral Church of Christ ni ó ràn wá lọ́wọ́. Ní 1925 ni ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìpìlẹ̀ ilé ìsìn náà lélẹ̀, 1946 ni wọ́n sì tó parí rẹ̀. Ó wà nínú fọ́tò, ó ṣì wà lórí ìdúró. Ilé NET gíga tí ó ní àjà 32, tí wọ́n parí ní 1979, kò sí nínú fọ́tò náà rárá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ká fọ́tò ìlú, ẹ̀yin òǹkàwé wa: ohun tí ó wà níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ohun tí kò sí níbẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ fọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí ni N. W. Holm, tí ó wá láti Gold Coast tí í ṣe Ghana òní, ti ní ilé ìyàwòrán níbẹ̀. George S. A. da Costa, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1853, ti ṣe alábòójútó ilé ìtàwé CMS fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1895, tí ó sì gba iṣẹ́ fọ́tò. Nípa ọwọ́ irú wọn ni a fi lè mọ bí Èkó ti rí ní ìgbà tí Carter Bridge àkọ́kọ́ ṣí ní 1901, àti nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kékeré ń rìn láàárín ìgboro láti 1902 títí di 1933.

ÌTA TINÚBÚ

Láti Marina a gba Kakawa kọjá. Water House ṣì wà níbẹ̀, ilé tí João Esan da Rocha kọ́ ní 1885 lẹ́yìn tí ó ti oko ẹrú Brazil bọ̀. Omi kànga ni wọ́n ń tà nínú ilé náà kí omi ẹ̀rọ Ìjú tó dé ìgboro ní 1915. Màmá fọwọ́ kan ògiri rẹ̀, wọ́n ní: "Ìwọ ṣe orí ire."

Nígbà tí a dé Tinúbú, a yọ fọ́tò kejì. Kò sí ìsun omi nínú rẹ̀, nítorí náà ó ti wà ṣáájú 1960, ìgbà tí àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù tí ń gbé Èkó fi ìsun omi náà ta ìlú lọ́rẹ fún òmìnira. Ní ẹ̀gbẹ́ kan fọ́tò, a rí ilé alájà kan tí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ilojo Bar ni, ilé tí àwọn Àgùdà kọ́ ní nǹkan bí 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. A gbé fọ́tò sókè, a fi wé ojú ibẹ̀. Ilé wà lọ́wọ́ wa, kò sí lórí ilẹ̀.

Bàbá Agége mi orí. Wọ́n ní: "Ìgbà tí wọ́n ń dáàbò bo ti ìyẹn, ìgbà náà ni wọ́n ń wó tiwa."

ILÉ KẸTA SÍ IGUN

Ó yẹ kí a ṣàlàyé èyí. Ìgbìmọ̀ kan wà tí gbogbo ayé mọ̀ sí L.E.D.B., tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri ń pa ènìyàn ní Èkó. Ní 1955, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ láti wó ilé orí ilẹ̀ bí éékà 70 láàárín ìgboro, kí ìlú lè mọ́, kí ọ̀nà sì lè gún kí òmìnira tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kàn ni wọ́n kó lọ sí Ṣùúrùlérè. Ní 1957 ni ó kan ilé bàbá Màmá.

A kò sọ pé gbogbo ètò náà burú. Ilé fún pọ̀ jù nígbà náà, ojú ọ̀nà kò sì mọ́. Ṣùgbọ́n Peter Marris, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà tí ó sì tẹ ìwé lé e lórí ní 1961, rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí a kó lọ ni ọjà wọn kú, tí owó ọkọ̀ ń jẹ wọ́n lérè, tí ẹbí tí ń gbé agbo kan sì fọ́n ká. Bí ó ti ṣe ìyá Màmá náà nìyẹn. Àkàrà ni wọ́n ń dín lẹ́nu ọ̀nà ní Èkó. Ní Ṣùúrùlérè, wọ́n dín in, kò sí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n. Màmá ní: "Orúkọ ibẹ̀ ni pé sùúrù lérè. A ṣe sùúrù o. Ìyá mi kò rí èrè rẹ̀ kí wọ́n tó lọ."

A wọ Nnamdi Azikiwe Street. Ìró ọlọ́jà, bàtà, aṣọ, báàgì, èrò bí omi. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí Màmá mọ̀ ní kékeré. 1988 ni wọ́n ṣí tuntun. Ọ̀nà ti fẹ̀ sí i. Màmá dúró, ojú wọn ń ṣe ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n ní àwọn kò mọ ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà wá pé a ti pẹ́ jù.

Ìgbà náà ni Bàbá Agége rántí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894. Kristẹni ni ilé wa, ṣùgbọ́n ìró àdúrà ibẹ̀ ni ó ń jí Màmá ní kékeré. A mú wọn dé iwájú rẹ̀. Iwájú ilé náà, tí ọmọ Àgùdà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kò yí padà. Màmá wò ó, wọ́n yí ẹ̀yìn sí i, wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn bí ẹni tí a rán níṣẹ́. A ń sáré tẹ̀ lé wọn. Wọ́n yà, wọ́n tún yà, wọ́n ń kà lẹ́nu: "Ìkíní, ìkejì, ìkẹta." Wọ́n dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù bàtà kan. Wọ́n ní: "Ibí ni."

Baba tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà bèèrè ohun tí a ń wá. A fi fọ́tò hàn án. Ó wò ó, ó wo Màmá, ó gbé àga jáde, ó ní: "Ìyá, ẹ káàbọ̀ sílé. Ẹ jókòó." Màmá jókòó síbi tí ìyá wọn ti ń dín àkàrà. Wọn kò sunkún. Wọ́n ní kí a ya àwọn ní fọ́tò, kí Bàbá Agége dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, kí ó di ìró àwọn mú. Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará wa, Jóṣúà to òkúta 12 jọ kí àwọn ọmọ lè bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n òkúta tí kò sí ẹni tí yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀, òkúta lásán ni. Fọ́tò náà bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, ẹ gbé agolo yín jáde. Ẹ jókòó ti àgbà tí ó ṣì wà láàyè. Ẹ bèèrè orúkọ, àdúgbò àti ọdún. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò jẹ́jẹ́, kí báírò má bà á jẹ́. Ohun tí kò bá dá yín lójú, ẹ má kọ ọ́, kí ẹ má baà ṣe irú èyí tí àwa ṣe.

A ti pa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ́ lẹ́yìn fọ́tò bàbá àgbà. Màmá fúnra wọn ni ó kọ tuntun, pẹ̀lú ọwọ́ tí ń gbọ̀n: "Bàbá mi, ìyá mi, àbúrò mi àti èmi. Ẹnu ọ̀nà ilé wa, ní ẹ̀bá Victoria Street, Èkó." Olúwa kò ní jẹ́ kí ìrántí ilé yín parun. Àmín.