Ta Ló Ń Mu Bátìrì Mi?

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ mi, ẹ ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Pikọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ni, ṣùgbọ́n mo ní kí wẹ́lídà kan ní Ìbàdàn bá mi kan ilé kékeré sẹ́yìn rẹ̀. Ibùsùn ẹnì kan wà níbẹ̀, fáànù wà, gílóòbù méjì wà. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ń ṣe: bí mo bá wà ní Ìṣẹ́yìn lónìí lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ òfì, ó lè jẹ́ Ṣakí ni ilẹ̀ yóò ti mọ́ bá mi lọ́la. Owó hòtẹ́ẹ̀lì kò sì ṣe é fẹnu sọ mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọkọ̀ náà ní Ìgbín.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà òjò tó kọjá. Bí Ìgbín bá ti sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta, kò ní í dìde mọ́. Mo lè yí kọ́kọ́rọ́ títí, “kẹ́” ni yóò máa wí. Àwọn tó ń bá mi tì í ti mọ̀ mí; òmíràn a ti máa ká apá aṣọ sókè kí n tó pè é. Mo ra bátìrì tuntun, 75 ampere-hour, mo ní ó tán. Kò pé oṣù kan tí tuntun náà fi kú.

Ẹni tí mo dì mú ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọ ọdún 18 ni, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, ó sì fẹ́ràn láti máa kàwé nínú Ìgbín bí iná bá lọ lálẹ́. Mo ní òun ló ń tan gílóòbù sílẹ̀, òun ló ń fi fóònù ṣáàjì mọ́jú. Ó búra.

“Bọ̀dá, mo máa ń pa gbogbo ẹ̀ o! Ẹ wá wò ó fúnra yín.”

N ò wò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó yẹ kí n lọ sí Ṣakí tí Ìgbín kọ̀, mo ní kó kó ẹrù ẹ̀, kó padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó lọ, bátìrì tún kú. Ta ni mo fẹ́ wá dì mú báyìí?

Mo lọ bá rewáyà kan. Ó pa gbogbo iná, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó yọ kọ́kọ́rọ́. Ó tú wáyà négétíìfù kúrò lórí bátìrì, ó fi mítà sí àárín wáyà náà àti orí bátìrì, bí ẹni tó fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ibodè. Iná tó bá fẹ́ jáde, ibẹ̀ ni yóò gbà. Ó ní ọkọ̀ tó ń sùn lè máa mu díẹ̀ nítorí aago àti rédíò, ṣùgbọ́n kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ ju 0.05 ampere lọ. Mítà fi 0.9 hàn.

“Ọ̀gá, olè wà nílé.”

Ó ń yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan: ti rédíò, ti fáànù, ti gílóòbù. Mítà kò mira. Èmi ti ń rò pé mítà ló bàjẹ́. Ó wá tẹ̀lé wáyà pupa kan tí kò gba inú àpótí fíúsì, tó wọ abẹ́ ibùsùn mi lọ. Inverter tí mo fi ń lo kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀. N ò so nǹkan kan mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó wà ní títàn. Gílóòbù kékeré ara rẹ̀ kọjú sí ògiri, kò sẹ́ni tó lè rí i. Ó ní inverter tó bá ti tàn, bí kò tilẹ̀ gbé ẹrù kankan, yóò máa jẹ tirẹ̀. Ó pa á. Mítà wálẹ̀ sí 0.03.

Ẹ bá mi ṣírò ó. 0.9 ní wákàtí 24 lé ní 21. Ní ọjọ́ mẹ́ta, ó tó 65 nínú 75. Kí ló kù tí yóò yí ẹ́ńjìnnì? Bátìrì ọkọ̀ tí a bá sì ń mu gbẹ léraléra, kì í gba iná dáadáa mọ́.

“Ta ló so wáyà yìí tààrà báyìí?”

Mo dákẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n fo fíúsì, kí owó lè dín.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wa Ìgbín lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo ní mo wá bẹ ọmọ ni, ó ya ẹnu.

“Ìwọ? Ìwọ ló fẹ́ bẹ ọmọdé?”

Mo bẹ̀ ẹ́ lójú ìyá ẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

“Bọ̀dá, kí ló wá ń mu ún?”

Mo ṣí ẹ̀yìn Ìgbín, mo gbé ibùsùn sókè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó.

“Ibí yìí? N ò débẹ̀ rí.”

“Mo mọ̀,” ni mo wí.

Kò tíì padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní òun máa rò ó ná. Ìyá ẹ̀ di àkàrà fún mi, kò gba owó.