Ìràwọ̀ Méjì Tí Wọ́n Fún Ọmọ Mi

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tó gùn bí ẹyin, tí wọ́n ń gbé sábẹ́ apá sáré, tí àwọn ọkùnrin gìrìwò sì fi ń kọlu ara wọn bí àgbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣí ìwé kọjá. Bọ́ọ̀lù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé mi rú, ó sì mú kí èmi àti ẹni tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n máa wo ara wa láìsọ̀rọ̀ fún bí ọdún mẹ́rin, nínú ìjọ kan náà, lórí ìjókòó tí kò jìnnà síra.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Ìbàdàn kí n tó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1998. Ìpínlẹ̀ Maryland ni mo ń gbé pẹ̀lú ìdílé mi, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ òru. Àkọ́bí mi ọkùnrin ga, ó sì lágbára, nígbà tó sì wọ ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kóòṣì ní kí ó wá gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí wà nínú ẹgbẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, abọ́ kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹun ní ilé wa tàbí ní ilé tiwọn, èyí tó bá yá jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní ìràwọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà, bíi Rivals, 247Sports àti ESPN, tí wọ́n ń wo àwọn ọmọ ọdún 15, 16 àti 17 tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní ilé ẹ̀kọ́ girama káàkiri Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n wọn. Ìràwọ̀ márùn-ún ni òkè pátápátá. Wọ́n á wo fídíò ọmọ náà, wọ́n á wọn bó ṣe ga tó àti bó ṣe wúwo tó, wọ́n á fi aago ka bó ṣe sáré 40 yáàdì, wọ́n á sì tún wo àwọn yunifásítì tó ti ní kí ó wá gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ọmọ tí yunifásítì ńlá bá ń wá, ìràwọ̀ rẹ̀ á máa lé sí i. Bí ìràwọ̀ rẹ̀ bá sì ti ń lé sí i ni yunifásítì mìíràn á máa wá a. Bí ìdí olóúnjẹ tí èrò pọ̀ níbẹ̀ ni, èrò ló ń pe èrò.

Ibi tí ojú gbogbo òbí wà ni draft. Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ 32 tó wà nínú NFL, níbi tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣe iṣẹ́ olówó ńlá, á jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta láti máa yan àwọn ọmọ tó ti yunifásítì jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìpele méje ni, àwọn tí wọ́n sì ń yàn kì í ju bí 260 lọ. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù kan.

Ní 2016, nígbà tó ku ọdún kan kí àwọn ọmọ wa jáde, ìràwọ̀ wọn dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba mẹ́rin. Ọmọ mi gba méjì. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹ̀gbọ́n mi ní "Bàbá Oníràwọ̀ Mẹ́rin". Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, mú sùúrù, tiyín náà á dé." Mo mọ̀ lónìí pé inú rere ló fi sọ ọ́. Lọ́jọ́ náà, bí ẹni da omi gbígbóná sí mi lára ni. Mi ò parí ìrẹsì tó wà níwájú mi. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti dé ilé rẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan pè mí lórí fóònù. Ó ní òun mọ àwọn tó ń fúnni ní ìràwọ̀, pé bí mo bá lè san dọ́là 2,500, òun á ṣe fídíò fún ọmọ mi, òun á sì mú un lọ sí ibùdó ìgbáradì níbi tí wọ́n á ti rí i. Owó tó wà nílé nígbà náà ni owó tí ìyàwó mi ń kó jọ láti fi ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì. Mo gbé e. Mi ò sọ fún un títí tó fi wá a tì. Fídíò náà dé, orin ariwo ló kún inú rẹ̀. Ìràwọ̀ ọmọ mi kò kúrò ní méjì. Ìyàwó mi kò pariwo. Ó kàn ní, "Bàbá wọn, ṣé ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bóyá ó fẹ́ ẹ?" Ní tòótọ́, mi ò béèrè. Ọdún kan gbáko ni ìdánwò rẹ̀ fi sún síwájú.

Mo lọ bá pásítọ̀ wa, ó sì rán mi létí wòlíì Sámúẹ́lì nílé Jésè, bó ṣe rò pé Élíábù tó ga ni Ọlọ́run yàn. Mo ṣe àmín. Àwọn ará náà ń tù mí nínú pẹ̀lú ìtàn oríṣiríṣi: J.J. Watt tí ìràwọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjì, tí wọ́n sì yàn ṣe ẹni 11 ní 2011. Khalil Mack tí tirẹ̀ náà jẹ́ méjì, tó di ẹni karùn-ún ní 2014. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn olùkọ́ ìṣirò kì í sinmi lórí ẹ̀rí èèyàn méjì. Lóru, nígbà tí àwọn arúgbó bá ti sùn, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn tí wọ́n yàn láti ọdún sí ọdún àti iye ìràwọ̀ tí wọ́n ní nígbà tí wọ́n wà ní girama.

Ohun tí mo rí kò tẹ́ mi lọ́rùn nígbà náà. Ìràwọ̀ kì í ṣe irọ́. Àwọn oníràwọ̀ márùn-ún kò ju bí 30 lọ lọ́dún, ó sì lé ní ìdajì wọn tí wọ́n ń yàn nígbà tó bá yá. Nínú àwọn oníràwọ̀ mẹ́rin, tí wọ́n jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni. Oníràwọ̀ mẹ́ta, kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn, bíi ti ọmọ mi, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Àwọn tó ń sọ pé ìràwọ̀ kò já mọ́ nǹkan ń fi ẹnu lásán tuni nínú ni.

Síbẹ̀, ẹ yí ìwé náà sódì kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá béèrè pé nínú 260 tí wọ́n yàn lọ́dún kan, àwọn wo ló pọ̀ jù, àwọn oníràwọ̀ márùn-ún kò lè tó 30 láéláé, nítorí wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn oníràwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́dọọdún ló ń kún ibẹ̀. Mo rí irú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Bí àwọn ọmọ tuntun bá dé ìwé kìíní, mo máa ń fi ojú yan mẹ́wàá tí mo mọ̀ pé wọ́n á yege ìṣirò ní wáẹ̀kì. Àwọn tó pọ̀ nínú mẹ́wàá mi máa ń yege lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, àwọn tó pọ̀ jù lára àwọn tó yege máa ń jẹ́ àwọn tí mi ò ka orúkọ wọn kún. Ìbéèrè méjì tó yàtọ̀ síra ni, àwọn èèyàn ló ń so wọ́n pọ̀.

Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ọ̀nà tí a là fún ọmọ kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Oníràwọ̀ márùn-ún á lọ sí yunifásítì tó ní kóòṣì tó dára jù, oúnjẹ tó dára jù, tí àwọn olùyàn NFL ń wá wò lójoojúmọ́. Bó bá kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dúró dè é. Ta ló ń dúró de oníràwọ̀ méjì? Mi ò rí ẹni tó lè sọ fún mi iye tó jẹ́ ẹ̀bùn ọmọ àti iye tó jẹ́ ọ̀nà tí ìràwọ̀ là fún un.

Nǹkan kan wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi tí mo rí kedere tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni: bí oníràwọ̀ mẹ́rin márùn-ún bá dúró, mẹ́rin nínú wọn ni wọn kò ní pe orúkọ wọn.

Ní 2017, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí yunifásítì ńlá kan. Ọmọ mi lọ sí èyí tó kéré, tó san ìdajì owó ilé ìwé fún un. Ní ọdún kẹta, orúnkún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó mi, nítorí àwọn ìyá kò bá wa jà. Mo fẹ́ pè é. Mi ò pè.

Ní ọ̀sẹ̀ draft 2021, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pe fóònù mi. "Bàbá, ẹ̀gbọ́n yín ń béèrè yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá wa jókòó lọ́jọ́ Sátidé." Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ni, ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti yan Trevor Lawrence ṣe ẹni kìíní, oníràwọ̀ márùn-ún ni láti girama, ọ̀rọ̀ àwọn tó fún un sì ṣẹ. Ẹni kejì ni Zach Wilson, oníràwọ̀ mẹ́ta. Ẹni 32 ni ẹni tí a mọ̀ báyìí sí Joe Tryon-Shoyinka, oníràwọ̀ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n yan Azeez Ojulari, oníràwọ̀ mẹ́rin, ṣe ẹni 50.

Àwọn èèyàn kún pálọ̀ nígbà tí mo dé, oúnjẹ wà, omi ẹlẹ́rìndòdò wà. Ọmọkùnrin náà jókòó lórí àga kan ṣoṣo, ó gbé fóònù sórí itan. Nígbà tí wọ́n pe Adetokunbo Ogundeji ní ìpele karùn-ún fún Atlanta, gbogbo ilé hó yèè, bí ẹni pé inú ilé náà ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ sí mi létí.

"Tíṣà, ìràwọ̀ mélòó ni wọ́n fún ìyẹn?"

"Mẹ́ta, sà."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ìwọ tí o máa ń ṣírò nǹkan, ṣé o ti ṣírò tiwa?"

Mo sọ ọ́ fún un, ẹnì kan nínú márùn-ún.

"Láti ìgbà wo ni o ti mọ̀?"

"Láti 2016."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù bà mí pé ẹ ó ní ìlara ni."

"Ṣé kì í ṣe ìlara?"

"Ìlara ni, sà."

Ó gbá mi ní èjìká, kò sì sọ ohunkóhun mọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní ìpele kẹfà. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde, wọ́n ní iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n. Ó kù bí èèyàn mẹ́fà nígbà tí fóònù dún lórí itan ọmọ náà. Gbogbo wa dìde. Ìyá rẹ̀ ti ń ké "Jésù!" Ọmọ mi ni. Ibi iṣẹ́ ló ti ń pè, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti fi ẹran sílẹ̀ fún òun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà sì ń bọ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti tán. Wọ́n ka orúkọ 259, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan pè é fún àyẹ̀wò ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọn kò gbà á. Ilé ìtọ́jú ara ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, orúnkún àwọn ẹlòmíràn ló ń tọ́jú. Ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, ó ní òun kò fìgbà kan ronú NFL rárá, pé èmi ni mo ń ronú rẹ̀. Ìyàwó mi ti di nọ́ọ̀sì láti 2018.

Mi ò tíì pa ìwé àkọsílẹ̀ náà tì. Brock Purdy, oníràwọ̀ mẹ́ta, ni wọ́n yàn kẹ́yìn pátápátá nínú 262 ní 2022, òun ló sì darí San Francisco dé Super Bowl ní oṣù kejì 2024. Robert Nkemdiche, ẹni tí wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọmọ girama ní 2013, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ni wọ́n yàn ṣe ẹni 29 ní 2016, kò sì pẹ́ nínú ẹgbẹ́ náà. Olusegun Oluwatimi, tó jáde ní DeMatha níbí ní Maryland, kọ́kọ́ lọ sí Air Force, ó lọ sí Virginia láìsí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó dé Michigan, Seattle sì yàn án ní ìpele karùn-ún ní 2023. Ní ọdún yẹn kan náà ni Indianapolis yan Adetomiwa Adebawore, oníràwọ̀ mẹ́ta; àbúrò rẹ̀, Adepoju, tó wọ Oklahoma ní 2023, gba márùn-ún. Mo máa ń ro ti bàbá àwọn méjèèjì yẹn, bó ṣe ń ṣe é lórí tábìlì oúnjẹ.

Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin ti pé ọdún 15, ó sì ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ní oṣù tó kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ọkùnrin kan fún mi ní káàdì, ó ní òun mọ àwọn tó ń fúnni ní ìràwọ̀. Mo mú káàdì náà délé, mo gbé e fún ìyàwó mi. Ó kà á, ó yí i padà, ó kọ iye iṣu tí a nílò lọ́jọ́ Sátidé sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ní kí n má gbàgbé epo.