Ọ̀rọ̀ Tó Ti Sùn, Ẹ Gbàyè Kẹ́ Ẹ Tó Jí I

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò lónìí. Ẹ bá mi dá a.

Mo ń ṣiṣẹ́ lójúmọmọ, mo sì ń kọ́ nípa òfin ní fásitì kan nírọ̀lẹ́. Àwa márùn-ún la jọ máa ń kàwé lọ́jọ́ Sátidé. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló dàgbà jù láàárín wa. Ẹnu wọn mú, wọ́n sì lawọ́. Ìrẹsì wọn la máa ń jẹ tá a bá kàwé tán.

Nígbà tá a wà ní ọdún kejì, a dé orí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ẹjọ́ Èkó ni. Bàbá kan kú lọ́dún 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí igi ni kí wọ́n fi pín ogún ẹ̀, kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tiẹ̀ lọ́gbọọgba? Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ayé ìdí igi ti lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga ju tiẹ̀ lọ yí i padà lọ́dún 1958. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé London lọ́dún 1962, ìdí igi náà ni wọ́n fọwọ́ sí. Wọ́n ní bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí.

Àǹtí ní orí-ò-jorí ló dáa. Èmi ní ìdí igi ni. A jiyàn títí ohùn fi há. Níkẹyìn wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò, jẹ́ ó parí síbẹ̀." Ó sì parí síbẹ̀.

Ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn náà ni mo rí ìwé kan kà tó ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe ń bu ìrẹsì lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé ni mo ní, "Àǹtí, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìdí igi yẹn? Ṣé mi ò sọ fún yín!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín.

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n ní ilé yá. Ìta ni ẹnì kan ti wá sọ fún mi pé bàbá wọn ti kú láàárín ọdún yẹn, ìdí igi sì ni wọ́n fi pín ilé. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá wọn bí, ìyàwó kejì bí ẹyọ kan. Àwọn mẹ́fà ń pín ìdajì, ẹnì kan ṣoṣo kó ìdajì yòókù. Ohun tí mo pè ní iyàn, ọgbẹ́ ni lára wọn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òfin tí à ń kọ́ ti kọ́ wa ní ìwà yìí. Ẹni tí ìdájọ́ ìkẹyìn ilé ẹjọ́ gíga ò tẹ́ lọ́rùn lórí irú ọ̀rọ̀ ogún bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kò lè kàn já wọlé. Ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè, kó sọ ohun tó fà á tó fi pẹ́, kó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ òun ní láárí. Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo gba máàkì. Èèyàn ni mi ò lò ó fún.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má jí ọ̀rọ̀ àtijọ́ o. Lọ́dún 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje àti Ukeje, Súpíríìmù Kọ́ọ̀tù sọ pé àṣà Igbo tó ní ọmọbìnrin ò lè jogún bàbá ẹ̀ lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ wa. Tí ẹnikẹ́ni ò bá jí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tó wà náà ló máa wà.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó jí i, ẹ pe onítọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ béèrè àlàáfíà ẹ̀ ná. Ẹ sọ ohun tuntun tẹ́ ẹ rí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ṣé mi ò sọ". Tó bá sì ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n ní, "Dìde. Ìwé tó o kà dáa. Ṣé o tiẹ̀ béèrè bí mo ṣe wà?" Mi ò lè dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò fi wá. Sátidé tó kọjá, wọ́n wá. Ìrẹsì ò sí ńbẹ̀ o, àmọ́ wọ́n wá.