Àwọ̀ Irin Nínú Iná

Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Agbo ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí mi. Èmi ni mo ń fín ẹwìrì fún bàbá mi nígbà èwe. Bí àdá bá ti wà nínú èédú, bàbá kì í gbójú kúrò lára rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ni ó ń wò. Bí àwọ̀ náà bá ti tó, yóò fi ẹ̀mú fà á yọ, yóò lù ú, yóò sì rì í bọ omi. Ó ní orúkọ tí ó ń pe àwọ̀ yẹn.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ àbúrò mi tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Sweden wálé, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Irin pẹlẹbẹ ni, èyí tí wọ́n fi ń ṣe òpó ara ọkọ̀. Wọn yóò mú un gbóná dé 900 sí 950 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ̀rọ tútù yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì mú un tutù lẹ́ẹ̀kan náà. Saab ni ó kọ́kọ́ lò ó sára ọkọ̀ ní 1984. Bí ooru rẹ̀ kò bá fi nǹkan bí 27 lọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kò ní le tó. Kí wọ́n má baà fi irin ṣòfò, kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dán an wò. Yóò pín irin náà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé, yóò ṣírò ooru àti líle ègé kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ibi tí ó lè ti ya hàn.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ bàbá mi.

Ó ní, “Rárá o, Bàbá. Ohun tí a bá sọ fún un nìkan ni ó mọ̀. A ní láti kọ́kọ́ fa irin gidi nínú oríṣiríṣi ooru, kí a wọn agbára rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ sílẹ̀, kò sí níbẹ̀.” Ó wá bi mí pé, “Kí ni Bàbá àgbà máa ń pe àwọ̀ irin tí ó ti tó lù?”

N kò rántí. Èmi ọ̀mọ̀wé nínú èdè Yorùbá! Ìwé ni mo gbájú mọ́ nígbà tí bàbá ń dárúkọ rẹ̀. N kò sì bi í títí ó fi kú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń mú ìwé àti bírò lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ méjì tí ó kù ní àdúgbò wa. Orúkọ tí ọ̀kan pè é yàtọ̀ sí ti èkejì. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀. N kò mọ èwo ni ti bàbá mi.